Àlàájì Ràímì Lọ Wádìí Ilé-iṣẹ́ Ọlọ́ṣẹ

Ọlọ́run fún Títí lẹ́nu. Bó bá ń ròyìn oúnjẹ, ẹni tó ti yó á tún máa wá ṣíbí kiri. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ba Sàmíát lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Igbó-Elérin, tó gbé ọṣẹ ìwẹ̀ kan kalẹ̀ sórí máṣíìnì, tó ní ìṣẹ́ ti tán láyé àwọn méjèèjì.

Bí Títí ṣe là á sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Sàmíát á san owó ìwọlé, wọ́n á kó páálí ọṣẹ fún un, á mú èèyàn méjì wá sábẹ́ ara rẹ̀, àwọn yẹn náà á mú tiwọn wá, owó á sì máa bá a nílé láìjẹ́ pé ó gbẹ́sẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló kù tí Títí fi máa gba oyè ní ilé-iṣẹ́ náà, Sàmíát ló sì fẹ́ kó jẹ́ ẹni náà.

Owó wà lọ́wọ́ Sàmíát lóòótọ́, àmọ́ owó máṣíìnì ńlá tó ń fi iná ṣiṣẹ́ ni. Ó fẹ́ rà á kí àwọn ọmọ iléèwé tó wọlé, kó lè gba iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù. Bó bá kó owó náà fún ọlọ́ṣẹ, máṣíìnì lọ nìyẹn. Bó bá sì kọ̀, Títí lè bínú lọ, èyí ló sì ń dùn ún jù. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, abọ́ kan náà ni wọ́n fi jẹun títí wọ́n fi gba fúrídọ̀mù, kò sì mọ bí ayé ṣe máa rí bí Títí ò bá sí níbẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun láyè díẹ̀, ó gun ọ̀kadà, ó gba Òjó lọ, sílé Àlàájì Ràímì, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

Àlàájì Ràímì yìí ni olùwádìí ẹbí wọn. Kò sí ọmọbìnrin wọn kan tó wọlé ọkọ láìjẹ́ pé Àlàájì ti dé àdúgbò ọkọ náà lọ béèrè bóyá wọn kì í lu ìyàwó níbẹ̀, bóyá ọwọ́ wọn mọ́. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju táyà tó ń tà lọ. Ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti rán an níṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, torí orí fóònù làwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń wádìí ara wọn. Bí Sàmíát ṣe rojọ́ tán, inú bàbá dùn débi pé ó dìde dúró. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ ẹni àbí owó ẹni, dandan ni ká mọ ilé rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ agbádá tó le gbagidi, ó tẹ̀lé Sàmíát àti Títí lọ sí ìpàdé ọlọ́ṣẹ ní Ìyànà-Ìbà. Àwọn elétò rí agbádá, wọ́n rò pé olówó dé, wọ́n gbé e jókòó síwájú. Wọ́n sọ̀rọ̀ mọ́tò, wọ́n sọ̀rọ̀ ilé, wọ́n sọ̀rọ̀ Dubai, ọṣẹ nìkan ni wọn ò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù gbé máìkì fún Àlàájì pé kó bá àwọn sọ̀rọ̀ ìyànjú.

Àlàájì kí wọn dáadáa. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ẹnìkan tó ń ra ọṣẹ yìí torí kó fi wẹ̀ nìkan, tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, tí kò sì fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́?"

Kò sẹ́ni tó nawọ́ sókè. Àlàájì ní bí ọkọ bá mojú aya tán, alárinà á yẹba. Àmọ́ alárinà lòun rí tó kún inú ilé yìí, òun ò tíì rí ìyàwó kankan. Wọ́n gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀ kíá. Sàmíát fi híjáàbù bojú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Títí ò rẹ́rìn-ín.

Sàmíát rò pé ìwádìí ti parí, àmọ́ Àlàájì ní ó ku ìdajì. Ó ní a kì í gbọ́ ìwà ọkọ nínú ilé ọkọ, ẹnu ará àdúgbò la ti ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun nìkan lọ sí ilé tí Títí ń gbé ní Ìbà, ó ṣe bí ẹni tó ń wá yàrá, ó jókòó ti ìyá ẹlẹ́pà kan tí òun àti Títí jọ ń gbélé. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù Sàmíát, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ọṣẹ ti lé ọ̀rẹ́ rẹ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì," ló wí. "Ilẹ̀ ló ń sùn."

Ó ní Títí ò rí ọṣẹ náà tà. Kó má baà já bọ́ ní ipò tó dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń rà á lóṣooṣù, ó sì ń tò ó sínú yàrá.

Àánú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe Sàmíát, ojú sì tì í pé ẹ̀rín lòun ń rín ní ìpàdé. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó gba Ìbà lọ, ó kanlẹ̀kùn. Títí ṣí i díẹ̀, ó fara dí i. Sàmíát rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé. Páálí gun àjà, ẹní kékeré kan ló wà láàárín wọn.

"Títí, mi ò ní ṣe ọlọ́ṣẹ yìí," ló wí. "Àmọ́ mo fẹ́ ra máṣíìnì ńlá, yunifọ́ọ̀mù á pọ̀, ọwọ́ mi nìkan ò ní ká a. Wá ká jọ ṣe é."

 Títí jókòó sórí páálí kan. Ó ní, "Nínú gbogbo àwọn tí mo lọ bá, àwọn kan sanwó, àwọn yòókù ń sá fún mi. Kò sẹ́nì kankan tó wá wo ibi tí mò ń sùn."

Ó sunkún díẹ̀, ó fọn ikun, ó sì béèrè pé irú máṣíìnì wo ni.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó páálí jáde sí fàráńdà. Ìyá ẹlẹ́pà béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Títí pe iye tí ilé-iṣẹ́ ní kí àwọn máa pè, ìyá ẹlẹ́pà pòṣé. Sàmíát yára pe iye tí wọ́n ń ta ọṣẹ yòókù lọ́jà, ni gbogbo ará ilé bá ń mú owó bọ̀. Ọṣẹ náà dára o, iye tí wọ́n ń pè é ni kò dára.

Bí bẹ́ẹ̀dì ṣe yọjú, Títí ní kí òun fẹ̀yìn lé e díẹ̀ kí òun fi wò ó. Kò pẹ́ tó fi sùn lọ, ó la ẹnu sílẹ̀. Sàmíát rọra fa ilẹ̀kùn dé, ó jókòó sí fàráńdà, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ń ta ọṣẹ fún àwọn tó ń dé, ó sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ òun ń sùn.