Ọ̀rọ̀ Tí Marufat Sọ Níwájú Káńsù

Òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ni Marufat ń tà fún àwọn aránṣọ ní ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́, kì í sì í ṣe ẹni tí ń pariwo. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa ní ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí Ìyá Bushrah ń sọ, àfi kó sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, wọ́n bá òkú ọmọbìnrin kan, Dámisí, nínú yàrá àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Olúyẹ́misí tó bí Dámisí, ìsọ̀ rẹ̀ ló kọjú sí ti Marufat. Ó wọ aṣọ funfun ìjọ rẹ̀ wá sọ́jà, ó ní òun ò ní jókòó sílé kí òun máa sunkún, kí gbogbo òbí tó bímọ obìnrin bá òun lọ sí káńsù. Marufat ti ìsọ̀ rẹ̀, ó tẹ̀lé e.

Wọ́n tó ọgọ́ta lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ìyá àti baba, Mùsùlùmí àti aláàdúrà. Pátákó tí Marufat gbé dání, “Ẹ yé pa àwọn ọmọ wa” ni wọ́n kọ sí i. Wọ́n fún akọ̀wé káńsù ní lẹ́tà: wọ́n fẹ́ iná sí ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà, wọ́n fẹ́ ibi tí obìnrin tó bá sá kúrò nílé lè forí pamọ́ sí, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún obìnrin tí wọ́n lù pé kó padà sílé lọ yanjú ẹ̀. Akọ̀wé ní àwọn ti gbọ́. Bí wọ́n ṣe fẹ́ túká ni Olúyẹ́misí na gbohùngbohùn sí Marufat.

“Ìyá Bushrah, ẹ bá wa sọ gbólóhùn kan.”

Ọpẹ́ lásán ló fẹ́ dú. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kọ́ nìyẹn.

“Èmi náà bímọ obìnrin. Ó wà nílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sá wá bá mi, ojú ẹ̀ wú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá a padà, mo ní kó lọ ṣe sùúrù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ọmọ yín padà.”

Akóredé ọkọ rẹ̀, káfíńtà ni, ó dúró lẹ́yìn láàárín àwọn ọkùnrin. Ó sorí kọ́, torí òun ló sin Bushrah dé gáréèjì lẹ́ẹ̀kejì. Ojú ti Marufat débi pé kò ṣàkíyèsí iye fóònù tí wọ́n nà sókè sí i.

Kò pé wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ni Mubaraq pè é. Mubaraq ni ọkọ Bushrah, fóònù ló ń tún ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni ń kíni kú ọdún.

“Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí yín nínú fídíò. Ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa.”

Marufat já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Mubaraq, Bushrah ńkọ́?”

“Ó wà nínú ilé. Èmi àti ẹ̀ fẹ́ jọ wò ó báyìí.”

Ló bá pa fóònù. Marufat pe Bushrah, kò wọlé. Ó tún un pè. Ó pe Mubaraq, kò gbé e. Ó pe Akóredé tó ti kọjá sí Ìsẹ́yìn lọ kan òrùlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé e lọ. Òwú tó wà níwájú rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, ó ń yí lọ sójú ọ̀nà, kò lè dìde mú un. Olúyẹ́misí ló rí i láti òdìkejì.

“Èmi ni mo fi ẹnu ara mi pa ọmọ mi,” ni Marufat wí.

“Ẹ dìde,” ni Olúyẹ́misí dá a lóhùn. “Èmi ò mọ̀ nígbà tèmi. Ẹ̀yin mọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Nínú bọ́ọ̀sì Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ibi tí awakọ̀ ti dúró gbé èrò ló ń gún Marufat lára. Ọkùnrin kan ń rẹ́rìn-ín sí fóònù rẹ̀ níwájú, ó sì ń ṣe Marufat bíi pé ohùn òun ni ọkùnrin náà ń gbọ́. Ó ń rántí ìgbà kejì tí Bushrah wá, tó fi ìborùn wé ọrùn nínú oòrùn. Nígbà tó tú u, ipa ìka márùn-ún wà níbẹ̀. Marufat fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún un, ó wá bá a di ẹrù rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, kò sí ilé tí kò ní tirẹ̀.” Bushrah gbé báàgì rẹ̀, ó bọ́ síta. Bó ṣe gbé e láìjiyàn yẹn ló ń dun Marufat jù.

Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ dé ilé tí Mubaraq háyà, yàrá àti pálọ̀ ní àgbàlá Àlàájà Ràódàt. Mubaraq fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Màámi, ẹ káàbọ̀. Ìyá Dámisí, ẹ kú àmúmọ́ra.”

Kò sẹ́ni tó sọ ẹni tí Olúyẹ́misí jẹ́ fún un. Ó gbé omi inú ọ̀rá fún wọn, omi tútù. Ó ní Bushrah ti lọ kí ìyá òun ní Ìkòyí-Ilé.

“Nígbà wo ló lọ?” ni Marufat bi í.

“Ṣẹ̀ṣẹ̀.”

Sálúbàtà Bushrah wà lẹ́nu ọ̀nà. Àgádágodo tuntun sì wà lára ilẹ̀kùn yàrá, láti ìta. Mubaraq rí i pé Marufat rí i. Ó fa àga, ó jókòó síwájú ilẹ̀kùn náà, ó tan fídíò náà lórí fóònù rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Marufat gbọ́ ohùn ara rẹ̀: “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá a padà.”

“Òótọ́ lẹ sọ, Màámi,” ni Mubaraq wí. “Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi nilé ẹ̀.”

Marufat ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ, ọmọ òun ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Olúyẹ́misí dìde wẹ́rẹ́, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ̀. Mubaraq nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó wá ku òun àti Marufat. Ó tún tan fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi tó ti fẹ́ parí, ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ikọ́ kékeré tí wọ́n fi ọwọ́ bò. Mubaraq ò wẹ̀yìn. Marufat pàápàá ò mira.

Ìgbà náà ni ohùn Olúyẹ́misí dún ní àgbàlá.

“Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ jáde. Wọ́n ti ọmọ kan mọ́ yàrá yìí, mo bá a sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Ọmọ tèmi kú nínú irú yàrá yìí, àwọn ará ilé ń gbọ́. Ẹ jáde.”

Ilẹ̀kùn kan ṣí, òmíràn ṣí. Àlàájà Ràódàt wọlé, Fọlábí aránṣọ tó ń gbé àgbàlá náà tẹ̀lé e, téèpù ìwọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Mubaraq, mú kọ́kọ́rọ́ wá,” ni Àlàájà wí. Kò lè wo ojú Marufat. “Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ohun tí ò ń ṣe. Ó tó.”

“Àlàájà, ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni,” ni Mubaraq wí, ó sì dìde.

Marufat ò mọ bí òun ṣe gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó kàn rí i pé ẹ̀yìn òun ti kan ilẹ̀kùn, àgádágodo sì ń gún òun.

“Èmi ni mo sọ̀rọ̀ níta,” ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọjọ́ gbogbo lọ. “Bí o bá máa lu èèyàn, èmi rèé.”

Mubaraq gbọ́wọ́ sókè. Fọlábí gbésẹ̀ kan síwájú, àwọn obìnrin méjì tún yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀. Ó sọ kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó la àárín wọn kọjá, ó bọ́ sórí ọ̀kadà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a dúró.

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀ ni Bushrah jókòó sí, apá òsì rẹ̀ rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, “Ṣé ó ti lọ?” Ó bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbà.

Ibi méjì ni apá náà ti kán. Nígbà tí wọ́n di í tán ní ọsibítù, Marufat kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn.

“Bushrah, forí jì mí.”

Ọmọ náà wo àjà. “Nígbà tó tan fídíò yẹn tí mo gbọ́ ohùn yín, mo rò pé mo ti kú. Ó bínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.” Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí apá mi san ná, Màámi.”

Ọjọ́ kẹta ni ọlọ́pàá mú Mubaraq ní Ìkòyí-Ilé. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀ ní Ọ̀yọ́, àgbà mẹ́rin, wọ́n ní iṣẹ́ èṣù ni. Marufat ń wo Akóredé, ó ń bẹ̀rù ohun tí yóò sọ.

“Èmi ni mo mú Bushrah dé gáréèjì níjọ́sí,” ni Akóredé wí. “Mi ò lọ gáréèjì mọ́. Ẹ lọ bá a ní kóòtù.”

Kóòtù fún Mubaraq ní béèlì, wọ́n sì ti sún ẹjọ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Káńsù ò tíì fèsì lẹ́tà. Àwọn òbí ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Marufat ló ń kọ orúkọ àwọn tó bá wá.

Bushrah ń bá a jókòó ní ìsọ̀, ó máa ń fi ẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ kì í kúrò lójú ọ̀nà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó fa fìlà bojú pa ọ̀kadà síwájú wọn. Kò sọ̀kalẹ̀. Bushrah gbá etí ìró ìyá rẹ̀ mú. Marufat dìde, ó bọ́ síwájú ọmọ rẹ̀.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ni ọkùnrin náà wí. “Ibo ni wọ́n ń gbà lọ sí gáréèjì Ìsẹ́yìn?”

Marufat nawọ́ júwe fún un. Ọ̀kadà náà ti lọ tipẹ́, Marufat ò sì gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́, kí Bushrah tó tú aṣọ náà sílẹ̀.