Ẹ Ṣì Dúró Ná

Ọmọ́táyọ̀ mọ ọ̀rọ̀ í sọ níwájú olówó. Bó bá dìde láti ṣàlàyé iṣẹ́ Abiyamọ Láyọ̀, àjọ aláàánú tó ń tọ́jú àwọn aboyún abúlé Ìbẹ́jú, kíá làwọn èèyàn á ti máa tọwọ́ bọ àpò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kó sọ fún Bàbá Azeezat, awakọ̀ wọn, ti há a lẹ́nu láti ọ̀sẹ̀ méjì. Kò ṣeé tu dànù, kò ṣeé gbé mì.

Àjọ ńlá kan ní Lẹ́kí ló fẹ́ gba Abiyamọ Láyọ̀ mọ́ra. Wọ́n máa gba àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n máa gba Ọmọ́táyọ̀, wọ́n tiẹ̀ máa gba jẹnẹrétọ̀ tó ń wú ikọ́ lẹ́yìn ilé. Bàbá Azeezat nìkan ni wọn ò fẹ́, torí ilé-iṣẹ́ kan ló ń bá wọn wá awakọ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí Ọmọ́táyọ̀ tètè sọ fún un, kó lè ráyè wá iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀yin náà ẹ wo ọgbọ́n wọn! Wọ́n jọ fẹnu kò tán, wọ́n wá di ẹrù lé obìnrin kan ṣoṣo lórí, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bàbá náà ti mọ́ṣáláṣí dé, ó yọjú sí ọ́fíìsì wọn ní Ajah.

“Àǹtí, ẹ má bínú. Ọkùnrin tó ni hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ní Eléko ní kí n wá máa wakọ̀ fún òun. Ó ní tóun ò bá gbọ́ ohùn mi lónìí, òun á mú ẹlòmíì. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín. Lẹ́kí tí à ń kó lọ yìí, ṣé mo ṣì wà ńbẹ̀?”

Ọmọ́táyọ̀ fẹ́ sọ òótọ́ fún un. Ojú bàbá náà ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́ bó ṣe rí.

“Bàbá Azeezat, wọ́n ní... wọ́n ní kí ẹ ṣì dúró ná.”

Kí bàbá náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró ni Ọmọ́táyọ̀ ní lọ́kàn o. Ó wá fi “ná” sí i kó má baà dun bàbá náà jù. Ṣùgbọ́n pé kí òun má lọ síbì kankan ni bàbá náà gbọ́.

“Alhamdulillah! Ẹ ṣeun, Àǹtí. Mo máa pè é báyìí pé mi ò wá mọ́.”

Ọmọ́táyọ̀ rí i pé bàbá náà ti ṣì í gbọ́. Gbólóhùn kan péré ló kù tó máa tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni ò pè é, ló bá gbé fóònù sétí, ó ń “hẹlò, hẹlò,” ó sì juwọ́ sí bàbá náà pé ó dàbọ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwọn ará Lẹ́kí dé pẹ̀lú awakọ̀ tiwọn láti wá gba ọkọ̀. Bàbá Azeezat ló ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọmọ́táyọ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Wọn ò mú yín, Bàbá. Iṣẹ́ yín ti parí. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀.”

Bàbá náà fún àkísà ọwọ́ rẹ̀ títí omi fi tán lára rẹ̀. Ó fa fóònù yọ, ó pe Eléko, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dúpẹ́.

“Wọ́n ti mú ẹlòmíì. Àárọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀.”

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún Ọmọ́táyọ̀.

“Ẹ dárí jì mí, sà.”

“Ìyàwó mi din àkàrà sàárà lánàá,” ni bàbá náà wí. “Gbogbo àdúgbò wa ní Jákàńdè ló ti gbọ́ pé wọ́n ń mú mi lọ Lẹ́kí. Mi ò ní ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́ fún un. Ẹ bá mi sọ ọ́.”

Ó ti tẹ nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀. Ó fi fóònù lé Ọmọ́táyọ̀ lọ́wọ́.

“Ìyá Azeezat, èmi ni, Ọmọ́táyọ̀ láti ọ́fíìsì.”

“Hàà! Àǹtí mi!” Ohùn Mọ́nsúrátù, ìyàwó bàbá náà, ta sókè. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jà fún ọkọ mi! Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ tiyín náà láé. Ẹ ṣàmín!”

Ọmọ́táyọ̀ wo bàbá náà. Bàbá náà ti kẹ̀yìn sí i.