Igi Tó Kù Lẹ́yìn Thomas Estate

Akínlabí kì í ṣe ẹni tó ń sunkún nítorí ẹyẹ, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná. Agégi ni, ọmọ Oǹdó. Igi tó ti wó láti ìgbà tí ọ̀nà ẹsipírẹ́sì ti dé Ajah kò lóǹkà, torí ilé ni gbogbo ayé fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n igi kan ṣoṣo tó kù lẹ́yìn Thomas Estate yìí dà á láàmú.

Ìtẹ́ wà lórí rẹ̀. Ẹyẹ kékeré kan ń fi ìdin bọ́ ọmọ tó tóbi jù ú lọ, Akínlabí sì mọ irú ọmọ yẹn. Nínú igbó wọn nílé, ẹyẹ kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ewé, tí ọ̀fun rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Igbe rẹ̀ lèèyàn ń gbọ́, a kì í sábà rí i. Kì í kọ́lé, ilé olólé ló ń yé ẹyin sí. Àwọn agégi ilé wọn kì í gé igi tí ọmọ ẹyẹ bá ṣì wà nínú ìtẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fi í sílẹ̀ títí ọmọ á fi fò.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀,” ó bẹ Ìsìmáílà, ọ̀gá sáìtì.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ìsìmáílà. “Nítorí ẹyẹ? Akin, orí ẹ pé ṣá? Katakátà ti kúrò ní Igbó Ẹfọ̀n. Bí o ò bá gé e, yóò wó o, tẹyẹ-tẹyẹ.”

Kí ni kó ṣe? Ó gun igi, ó so okùn mọ́ ẹ̀ka tí ìtẹ́ wà, ó gbé okùn kọ́ ẹ̀ka ńlá kan. Tájù bíríkìlà di ìdí okùn mú nílẹ̀.

“Rọra o! Tájù, mo ní kó o rọra!”

Ẹ̀ka sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ ẹyẹ kò fara pa rárá. Inú Akínlabí dùn débi pé ó gbá Tájù lẹ́yìn. Ó gbé ìtẹ́ sórí pákó, ó wá wó igi.

Ìgbà náà ni ìyá dé, tòun tìdin lẹ́nu. Kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Òkè ló lọ, ibi tí ẹ̀ka wà láàárọ̀, ó ń lu ìyẹ́ lójú kan níbi tí kò sí nǹkan kan mọ́. Ọmọ ń ké nílẹ̀, ìyá ń wá a lókè.

“Ìsàlẹ̀ ló wà! Wò ó níbí!” Akínlabí ń pariwo. Áà, ṣé ẹyẹ ń gbọ́ èdè ni? Ó gun orí dúróòmù, ó na ìtẹ́ sókè títí apá fi ń ro ó. Kò tó. Ìyá lọ, ó padà wá, ìdin yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

“Tájù, gbé dúróòmù mìíràn wá!”

“Kò sí òmíràn, Ẹ̀gbọ́n.”

Ìyá lọ, kò padà mọ́. Omi lé ròrò lójú Akínlabí. Nínú ìtẹ́, ọmọ ẹyẹ yíjú sí i, ó sì la ẹnu.