Bàbá Tí Kì Í Sọ Pé Rárá

"Ẹ dúró ná, ẹnì kan kù," ni Danang wí. Danang ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wọn kiri ilẹ̀ Yúróòpù. Ó dìde níwájú bọ́ọ̀sì, ó tún ń fi ìka ka orí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. "Màmá Murtini, Bàbá dà?"

Murtini wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fìlà ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ni ín kò sí. Ilé epo kan létí títì márosẹ̀ Jámánì ni wọ́n dúró sí kí wọ́n lè tọ̀, bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò sì kún ibẹ̀ bí ẹran inú agbo. Ó sọ̀kalẹ̀, Danang tẹ̀ lé e. Wọ́n wo ilé ìtọ̀, wọ́n wo ṣọ́ọ̀bù, wọ́n yí ẹ̀yìn ilé po, wọn ò rí Suwignyo ọkọ Murtini. Omi ti ń bọ́ lójú Murtini kí wọ́n tó rí i nínú bọ́ọ̀sì àwọn ará Kòríà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí àlejò pàtàkì, ó ń rẹ́rìn-ín sí ìyá àgbà kan tó ń bó ọsàn fún un.

"Bàbá, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Wọ́n ní kí n wọlé," ni Suwignyo dáhùn. "Èèyàn dáadáa ni wọ́n."

Nígbà tí wọ́n padà dé, gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Harjanti ló ṣáájú wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹnu rẹ̀ kò sì tíì sinmi láti Róòmù tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

"Àwọn ọkùnrin àtijọ́ wa nìyẹn," ó ní. "Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Bí wọ́n bá ní kí Bàbá wá jọba ní Kòríà, bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ. Màmá, ẹ tètè wá okùn so ó mọ́ ọwọ́ yín."

"Mo ti ń wá a," ni Murtini dáhùn. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Kò sẹ́ni tó fura. Ta ni ì bá fura? Ní Salatiga, ìlú wọn tó jìnnà sí Yúróòpù, ọmọlúàbí kì í la rárá mọ́ èèyàn lójú. Wọ́n á ní kó o wá jẹun, wàá ní bẹ́ẹ̀ ni, o ò sì ní jẹ. Wọ́n á ní kó o yà kí àwọn lọ́la, wàá ní bẹ́ẹ̀ ni, o ò ní lọ, inú ò sì ní bí ẹnikẹ́ni, torí wọ́n ti mọ ohun tó o ní lọ́kàn. Láàárín irú èèyàn bẹ́ẹ̀, orí àgbàlagbà lè máa ṣófo lọ díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo àdúgbò sì máa yìn ín pé ìwà rẹ̀ túbọ̀ ń tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń yin Suwignyo. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá wà lára àwọn tó ń yìn ín.

Ṣé ẹ rí i, Suwignyo ti jẹ́ ẹni líle rí. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Wening lorúkọ rẹ̀. Wening lọ kàwé ní Hóláńdì, ó sì fẹ́ òyìnbó níbẹ̀, ọkùnrin tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Bàbá ló ń fa ọmọ obìnrin lé ọkọ lọ́wọ́ nínú ẹ̀sìn wọn, ṣùgbọ́n Wening kò pe bàbá, fọ́tò ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí. Láti ọjọ́ náà, Suwignyo ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn mọ́ nínú ilé òun. Murtini tó ti ń pè é ní Bàbá Wening látìgbà tí wọ́n ti bímọ, ó di dandan kó gé orúkọ náà sí méjì, kó fi Bàbá sílẹ̀, kó gbé Wening mì.

Ọdún ń gorí ọdún. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá, Murtini ṣe ọkàn akin, ó gbé tíì wá síwájú ọkọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ rí ọmọ yẹn. Ikú ò dọ́jọ́. Ẹ dárí jì í." Suwignyo wojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, kó rí bẹ́ẹ̀." Murtini sá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó sunkún ayọ̀ títí omi tó gbé kaná fi gbẹ. Ó pe Wening lórí fóònù, ó ní, "Bàbá rẹ ti gbà." Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bá àwọn èèyàn wọ̀nyí rìn. Ítálì, Swítsáláńdì, Jámánì, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àti òkè oníyìnyín tí àwọn yòókù ń ya fọ́tò rẹ̀, ọ̀nà lásán ni gbogbo rẹ̀ lójú Murtini. Hóláńdì ló ń lọ. Volendam ni wọ́n ti máa jẹ oúnjẹ ọ̀sán, ibẹ̀ sì ni Wening yóò ti wá bá wọn, kí bọ́ọ̀sì tó tún gbéra lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù.

Bọ́ọ̀sì ń sáré lọ lórí títì. Murtini tẹ̀ sí etí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ta la fẹ́ lọ rí ní Hóláńdì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo ní ta ni?"

"Àwọn èèyàn wa," ni Suwignyo wí, ó sì ń wo ìta.

Ohun kan wá sí Murtini lọ́kàn, ẹ̀rù sì bà á láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. "Bàbá, mo ti ń rò ó pé kí n kọ̀ yín sílẹ̀, kí n lọ fẹ́ ọkùnrin mìíràn. Kí lẹ rí sí i?"

Suwignyo yíjú sí i, ẹ̀rín rere wà lẹ́nu rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun."

Murtini fi ìborùn bo ojú, ó ṣe bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó ń rántí tíì tí ọkọ rẹ̀ fi iyọ̀ sí lọ́jọ́ kan, tó sì mu ún tán. Ó rántí bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń béèrè ní àràárọ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì bóyá òní ni wọ́n ń lọ sílé, tí òun sì ń sọ pé àárò ilé ló ń sọ ọ́. Ó yẹ kó pe Wening kó sọ fún un. Kò pè é. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, bí bàbá bá fojú kan ọmọ, ara á sọ fún ara. Ẹni tó ń rì sómi kò lè sọ pé koríko kéré.

Kò sí ará ilẹ̀ wọn tó dé Hóláńdì tí kò ní ya fọ́tò Volendam. Ẹni tí kò bá gbé e kọ́ sí pálọ̀, wọ́n á ní irọ́ ló ń pa, kò dé ibì kankan. Nígbà tí wọ́n dé Volendam lọ́jọ́ kejì, Danang kó gbogbo wọn wọ ilé ayafọ́tò. Àwọn obìnrin ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì onílà àti fìlà aláwọ̀ funfun tó yọ ìwo. Wọ́n gbé ṣòkòtò dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ wọ Suwignyo, wọ́n fi fìlà apẹja dé e lórí, wọ́n ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ bàtà onígi, wọ́n gbé dùùrù kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ méjèèjì fà lé e láyà. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ń ní bẹ́ẹ̀ ni sí.

"Ẹ wo Bàbá bó ṣe yẹ ẹ́," ni Harjanti wí. "Màmá, ẹ ṣọ́ra, àwọn ìyá ẹlẹ́ja ìta yìí á gbà á lọ́wọ́ yín."

Ibẹ̀ ni Wening wọlé. Murtini kọ́kọ́ rí i nínú dígí. Ó ti sanra díẹ̀, ewú ti yọ sí i níwájú orí. Kò kí ẹnì kankan, kò wo ìyá rẹ̀ pàápàá. Ó lọ tààrà bá bàbá rẹ̀ níbi tó jókòó sí, ó kúnlẹ̀, ó gbé iwájú orí lé orúnkún rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe ń ṣe fún òbí lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀.

"Bàbá mi, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ forí jì mí. Ẹ má bínú mọ́."

Suwignyo gbé ọwọ́ lé e lórí. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ó ti tán."

Harjanti tí kì í dákẹ́ ń fi etí ìborùn nu ojú, Danang ń wo ilẹ̀. Murtini di ara ògiri mú. Fún ìṣẹ́jú yẹn, ó gbà á gbọ́. Ó ní Ọlọ́run ti ṣe é.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀wọ́, ilẹ̀ tutù," ni Suwignyo wí fún ọmọ rẹ̀. "Àwọn òbí yín ńkọ́? Ṣé ara wọn le?"

Wening gbójú sókè. Ó wo bàbá rẹ̀ pẹ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó dìde, ó jáde. Murtini sáré tẹ̀ lé e dé etí omi, níbi tí wọ́n ti ń din ẹja tà.

"Màámi, ẹ ní ó ti gbà."

"Ó ní bẹ́ẹ̀ ni fún mi."

"Kí ló wá dé tó fi dójú tì mí níwájú àwọn àjèjì? Bó bá fẹ́ gbá mi létí, kó gbá mi. Kó ṣépè fún mi. Àfi kó máa bi mí léèrè òbí mi bíi pé òun ò mọ̀ mí rí?"

"Kò mọ̀ ẹ́, Wening."

"Mo ti gbọ́, mo mọ̀ pé ó ní òun ò bí mi."

"Fetí sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀san ló ń gbà. Kò mọ̀ ẹ́ mọ́ ni. Lánàá, mo ní mo fẹ́ lọ lọ́kọ mìíràn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ ló rọ̀."

Wening ní, "Ọjọ́ tẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ nílé, ṣé ó ti wà bẹ́ẹ̀?"

Murtini yíjú sí omi.

"Ì bá sàn kó máa bínú," ni Wening wí. "Ẹni tó ń bínú síni mọ ẹni tó ń bá jà."

Wọ́n gbọ́ ìró bàtà onígi. Suwignyo ló ń bọ̀ pẹ̀lú aṣọ apẹja lọ́rùn rẹ̀. Ó rí bẹ́ǹṣì, ó jókòó, ó kí àwọn méjèèjì. Wening nu ojú, ó lọ jókòó tì í.

"Bàbá," ó ní, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni bá ẹni pàdé lọ́nà, "ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Ọ̀kan péré. Obìnrin ni."

Murtini di ọwọ́ mọ́ àyà.

"Ibo ló wà?"

"Ó ti kú," ni Suwignyo wí. "Ọ̀nà jìn, mi ò rí òkú rẹ̀. Àmọ́ a ṣe fídáù rẹ̀ dáadáa. Gbogbo àdúgbò ló wá. Ìyàwó mi ló se ìrẹsì."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Lọ́dún tí fọ́tò ìgbéyàwó dé, Suwignyo fi ìbínú pa ewúrẹ́, ó ránṣẹ́ pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá ṣàdúrà òkú fún ọmọ tó wà láàyè. Wọ́n mọ̀ pé kò kú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ìpè àgbà? Wọ́n wá, wọ́n jókòó, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n jẹun, wọ́n gbé èyí tó kù lọ sílé. Nísinsìnyí ìbínú ti bá ìyókù lọ, ikú ọmọ nìkan ló ṣẹ́ kù sí bàbá lórí. Omi ń dà lójú rẹ̀ sórí aṣọ àyálò.

Wening wo ìyá rẹ̀. "Ẹ se ìrẹsì, Màámi?"

"Mo sè é," ni Murtini wí. Ojú tì í débi pé kò lè gbé e sókè. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ga. "Bàbá Wening, ẹ wò ó dáadáa, ọmọ náà rèé..."

Wening di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ má sọ fún un. Ó máa gbàgbé. Tó bá dọ̀la, á tún gbọ́ pé mo kú." Ó wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

"Ẹ ṣeun, ọmọ dáadáa," ni Suwignyo wí. "Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yin lẹ sin àwọn òbí yín."

"Àmín," ni Wening wí.

Danang ń pè wọ́n. Wọ́n bọ́ aṣọ apẹja kúrò lọ́rùn Suwignyo, wọ́n wá bàtà tirẹ̀ fún un, Murtini sì mú un wọ bọ́ọ̀sì. Harjanti kò sọ nǹkan kan, ó kàn sún ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́nà fún wọn. Wening dúró létí omi títí bọ́ọ̀sì fi yí.

Wọ́n ti jáde sí títì ńlá kí Suwignyo tó sọ̀rọ̀. "Obìnrin tó ń sunkún níbẹ̀ yẹn, kí ló ṣe é?"

Murtini wo ojú ọkọ rẹ̀, ojú tó mọ́ tó sì kún fún àánú.

"Bàbá rẹ̀ ló kú," ó ní.

"Ó mà ṣe o. Kí ló dé tó ò sọ fún mi? À bá bá a ṣàdúrà." Ó tún aṣọ rẹ̀ tò lára, ó jókòó dáadáa. "Kí lorúkọ bàbá náà?"

"Suwignyo."

"Orúkọ wa jọra," ni ó wí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà òkú láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ṣì í. Murtini gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè, ó ń ṣe àmín.