Kí Wọ́n Tó Kọ́ Wa Bí A Ṣe Ń Tẹ Ọgbẹ́

Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n sin Ngadimin ni Murniati, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wọn, Pak Haryadi, níbi tí wọ́n ti ń kan àga ní ìlú Jepara. Ayùn oníná tó gé àbúrò rẹ̀ nítan ti tún ń han gooro.

"Kádàrá ni, Mbak," ni Pak Haryadi wí, bí wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbẹ̀.

"Ayùn ni, Pak. Àwa mẹ́sàn-án la yí i ká, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ ká ṣe. Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan wá kọ́ wa."

"Ṣé dókítà lẹ fẹ́ dà ni, àbí káfíńtà?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníbàárà òkè òkun ní àwọn fẹ́ rí ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì kí àwọn tó rajà, Pak Haryadi fúnra rẹ̀ ló pè é. "Lọ gbà á wá. Èyí tó bá yá jù ni kóo ṣe."

Yàrá tútù kan láàárín ìgboro ni wọ́n ti kọ́ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wọn sọ̀rọ̀ ẹni tó dákú ní ọ́fíìsì, ó sọ̀rọ̀ ẹni tí tíì gbígbóná dà sí lára. Murniati nawọ́.

"Tí ayùn bá gé èèyàn nítan ńkọ́?"

"Ẹ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn."

"Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wákàtí kan ti lọ."

Olùkọ́ náà ṣí ìwé rẹ̀ síwá sẹ́yìn. "Kò sí ìyẹn nínú tiwa, Bu," ló fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kí oòrùn tó rọlẹ̀, wọ́n ti fún Murniati ní ìwé ẹ̀rí. Pak Haryadi gbé e kọ́ sára ògiri, ó ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Kò bùṣe lọ́kàn Murniati. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ló fi ń bi àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kiri. Alágbẹ̀dẹ kan ló júwe ilé Bu Sumirah fún un, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún púpọ̀ láàárín àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi.

Bu Sumirah gbọ́ ọ̀rọ̀ Ngadimin lẹ́nu rẹ̀, ó gbé itan ewúrẹ́ sórí tábìlì, ó fọ̀bẹ là á jìn. "Ki aṣọ mímọ́ bọ inú ẹ̀. Tún kì í. Fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, kóo gbé gbogbo ara lé e. Má ṣí i wò." Ó tún fi hàn án bí wọ́n ṣe ń di aṣọ mọ́ òkè ọgbẹ́, tí wọ́n á fi igi yí i títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá.

"Kí lẹ fi sí ti àbúrò rẹ?"

"Kọfí lílọ̀, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Èmi ni mo ń dà á. Bí mo ti ń dà á ni ẹ̀jẹ̀ ń gbé e lọ." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí, Bu? Kí n kàn tẹ̀ ẹ́?"

"Nígbà míì, ó máa ń tó," ni ìyá náà dáhùn. Kò fi oyin sí ọ̀rọ̀ náà fún un.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá jẹ ìrẹsì ọ̀sán tán, Murniati a máa kọ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀bù. Kasmuri, agbẹ́gilére tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò jẹ́ kó gbádùn. "Dókítà wa, ẹ̀yìn ń ro mí o! Ẹ gún mi lábẹ́rẹ́!"

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, ayùn bọ́ lu Kasmuri lápá. Murniati ki aṣọ bọ ọgbẹ́ náà, ó gbé ara lé e, kò sì ṣí i títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Kasmuri yè. Ìyàwó rẹ̀ di Murniati mú, ó ń sunkún ayọ̀.

Nígbà tí Murniati délé, ó ròyìn fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ dópin.

"Ngadimin ì bá yè, àbí?"

Murniati kò lè purọ́ fún un, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wọlé lọ, ó jókòó sórí ẹní, kò sì jẹun.