Ẹ Má Fi Ẹni Tó Bá Ṣubú Sílẹ̀

Ìkookò ni Alhaja Memunat kọ́kọ́ kí. Ó tẹ̀ ẹ́ sójú kọ̀ǹpútà pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ó sì dúró kí ó dáhùn. Ìkookò náà dáhùn lóòótọ́. Ọ̀fun ló bá a fà ya.

"Alhaja, ẹ ti kú," ni Haleem wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omi ẹ̀rín lójú. "Ẹran búburú nìyẹn. A kì í kí i, gígé ni à ń gé e."

"Ọkọ mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́?"

Haleem kọ́ ló fẹ́ ẹ o. Ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sínú agboolé náà ní Ìsàlẹ̀ Èkó kí wọ́n tó gbé Alhaja wọ ibẹ̀ níyàwó, nítorí náà ọkọ ni títí ayé. Fóònù ló ń tún ṣe ní CMS. Ó ti lé lógójì ọdún, ó ti bímọ mẹ́ta, síbẹ̀ bí ó bá ti ti ọjà dé, inú Kàréńdò ló ń bá lọ. Eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni Kàréńdò. Tọmọdé tàgbà láti gbogbo ayé ló ń pàdé nínú rẹ̀: o yan ara tí o fẹ́, ó lè jẹ́ jagunjagun, oníṣègùn tàbí oṣó, o wá ẹgbẹ́ mú, ẹ sì jọ dojú kọ àwọn ohun abàmì inú igbó.

Kí ló wá kan obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ń ta òwú ìránṣọ ní Ìdúmọ̀tà, pẹ̀lú oṣó àti ìkookò? Azeemah ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Leicester ni Azeemah ń gbé. Ní èṣí, ní òwúrọ̀ tí bàbá rẹ̀, Alhaji Jíbrílù, kú, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Màámi, ẹ dúró dè mí. Ọ̀la ni mo máa dé. Kí n ṣáà rí ojú rẹ̀." Wọn ò dúró. Wọ́n wẹ òkú, wọ́n dì í, wọ́n kírun sí i lára, nígbà tí oòrùn yóò fi wọ̀, ó ti wà ní ìtẹ́ òkú Àbárí, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo mùsùlùmí ilé náà. Láti ọjọ́ yẹn, Azeemah ò gbé ìpè ìyá rẹ̀ mọ́. Fóònù á dún, á dún, á rẹ̀ ẹ́, á dákẹ́.

Haleem ló là á fún Alhaja. "Azeemah wà ní Kàréńdò. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti àwa ọmọ Yorùbá, òun ló ń kọ́ àwọn ẹni tuntun wa. Ọmọ Ọ̀sà là ń pè é."

"Ṣé ó ń dá ẹni tuntun lóhùn?"

"Kò sí èyí tí kì í dá lóhùn."

Alhaja fa àga sún mọ́ ọn. "Sọ mí di ẹni tuntun."

Bí Alhaja ṣe di oníṣègùn onírun pupa tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àlejò nìyẹn. Ó ní kí wọ́n bá òun wá nǹkan bo irun yẹn. Wọn ò rí ìborùn nínú eré náà, akoto irin ni wọ́n rí. Ó ní kí wọ́n gbé e wá.

Òkú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkookò, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o" rẹ̀ sì ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà, nígbà tí Ọmọ Ọ̀sà dé, ó ga, ó gbé ọrun dání. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde sójú kọ̀ǹpútà: "Ẹ káàbọ̀, Àlejò. Ta ló kú síbí?"

"Èmi ni," ni Alhaja dáhùn.

Ọmọ Ọ̀sà jí i dìde, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ó ní kó má máa sáré, nítorí inú ihò ni ẹni tuntun tó bá ń sáré máa ń bá ara rẹ̀. Ó ní kó máa mu oògùn nígbà tí ara ṣì le, kó má dúró di ìgbà tí ẹ̀mí bá ku ṣíún. Bí wọ́n ṣe pa olè kan báyìí, ó ní, "Ẹ tú àpò rẹ̀. Ohun tó bá wà níbẹ̀, tiyín ni."

"Àpò òkú? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ ná. Àwọn ẹbí rẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín ni Ọmọ Ọ̀sà fi dáhùn, ó kọ ọ́ gùn. Haleem rí Alhaja tó na ìka, tó ń fi pa ojú kọ̀ǹpútà níbi tí ẹ̀rín náà wà, bí ẹni ń pa orí ọmọ. Haleem yí ojú sí fèrèsé.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ìyá ń lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ọmọ. Eré náà ń wọ̀ ọ́ lára sí i. Oníbàárà á wá béèrè òwú dúdú, Alhaja á ní kó fara balẹ̀, òun ń ronú nípa egbòogi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbé e wá Kàréńdò há a lọ́fun bí eegun ẹja. Bó bá sọ ẹni tí òun jẹ́, tí ọmọ náà bá sá ńkọ́?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n kó wọ inú ihò àpáta. Òmìrán kan gbá ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó ń jẹ́ Ọlátúndé mọ́lẹ̀. Gbogbo ayé fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Alhaja náà ò kẹ̀rẹ̀, ó ká aṣọ oníṣègùn sókè.

"Àlejò, ibo lẹ ń lọ?" Ọmọ Ọ̀sà nìkan ló dúró.

"Ó ti kú."

"Ẹ má fi ẹni tó bá ṣubú sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ yín, èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ dúró tì í títí ẹgbẹ́ á fi pé. Ẹni tó jìnnà jù nínú wa náà, a máa ń dúró dè é."

Ọwọ́ Alhaja kúrò lórí bọ́tìnì. Haleem wúkọ́, ikọ́ ò sì ṣe é. Alhaja tún na ìka.

"Azeemah, èmi ni."

Ọlátúndé ló kọ́kọ́ kọ̀wé láti ilẹ̀ tó wà: "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì ń kú lọ́wọ́ níbí o."

Lẹ́yìn náà ni ti Azeemah dé. "Mo mọ̀, Màámi. Láti ọjọ́ ìkookò ni mo ti mọ̀. Ta ló tún máa kí ìkookò lágbàáyé?"

Alhaja di apá Haleem mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ sínú ẹ̀rín náà. Kò tíì rín in tán tí ọ̀rọ̀ Azeemah mìíràn fi jáde.

"Mo ń dúró kí ẹ̀yin fúnra yín wá sọ̀rọ̀ ni. Ó yá, ẹ sọ fún mi. Ta ló ní kí wọ́n má dúró dè mí?"

Haleem wo Alhaja. Àwọn méjèèjì ló wà nínú yàrá ní ìdájí ọjọ́ tí Alhaji Jíbrílù kú, tí ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Ẹ̀rù mọ́ṣúárì ń bà á ju ikú fúnra rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá mi lókè eèpẹ̀. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni." Alhaja bi í pé, "Azeemah ńkọ́?" Ó ní, "Azeemah náà." Nígbà tó kú tán, Alhaja ṣì bẹ lèmọ́mù pé kí wọ́n fi di ọjọ́ kejì. Lèmọ́mù ní ọ̀rọ̀ ti tẹnu olóògbé jáde.

"Ẹ sọ fún un," ni Haleem wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Èmi ni ẹlẹ́rìí yín. Alhaja, ẹ sọ fún un."

Alhaja tẹ̀ ẹ́: *Bàbá rẹ ni.* Ó ku kó fi ránṣẹ́. Ó wá rántí ohun tí Azeemah sọ gbẹ̀yìn lórí fóònù ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀, kó tó gé ìpè náà: "Bàbá mi ì bá dúró dè mí. Ẹ̀yin lẹ ò dúró." Ohun tó kù lọ́wọ́ ọmọ náà nípa bàbá rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá gba ìyẹn náà, kí ló tún kù fún un láti dì mú?

Ó pa á rẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó tẹ òmíràn.

"Èmi ni."

"Ah, Alhaja."

"Panu mọ́, ọkọ mi."

Ó tó ìgbà díẹ̀ kí fóònù tó dún. Fóònù Alhaja gan-an, láti Leicester. Alhaja gbé e, Haleem sì ń gbọ́ ohùn Azeemah láti ibi tó jókòó sí.

"Ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́ fún mi, Màámi. Òótọ́ yẹn nìkan ni mo ń wá. Mo ti dárí jì yín." Ẹkún gba ohùn mọ́ ọn lẹ́nu. "Bàbá ì bá dúró, àbí?"

"Ì bá dúró," ni Alhaja wí. "Ta ló tún ní bí kò ṣe ìwọ?"

Haleem dìde. Ó la ẹnu, ó ní, "Azeemah, gbọ́..."

Alhaja fi ọwọ́ kejì bò ó lẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́ pinpin. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ fún ìdáríjì, ó ń dúpẹ́ títí, kò sì gbé ọwọ́ náà kúrò títí ọmọ fi sọkún tán.