Ilé Tí Wọ́n Tún Ṣe ní Pọ́bẹ̀

"Bàbá, ẹ wo ọwọ́ mi níbí," ni onífọ́tò náà wí.

Mo yíjú sí ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá. Mo rí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kan, mo rí irin tí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé, ṣùgbọ́n n kò rí ọwọ́ kankan. Bí ojú mi ṣe ń ríran nìyẹn láti nǹkan bí ọdún kan, àfi bí ìgbà tí ènìyàn bá ń yọjú wo yàrá láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Ohun tó bá wà níwájú mi gan-an ni mo ń rí, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ti ṣókùnkùn. Olúfúnkẹ́, ìyàwó ọmọ mi, wá fi ọwọ́ méjèèjì di orí mi mú, ó yí i díẹ̀ sí ọ̀tún, ó ní kí n má mira mọ́.

Agbádá tuntun ni wọ́n wọ̀ fún mi. Òun náà ló gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú fìlà rẹ̀, tó sì fi ìpara pa mí lójú. Mo bi í pé ọdún wo ni a ń ṣe. Ó ní irú àgbàlagbà bíi tèmi, ó yẹ kó ní fọ́tò tó dára nílé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó ní pálọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn ní Kútọ̀nú, kí n má parọ́, inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wọṣọ fún mi. Nígbà tí mo fẹ́ rẹ́rìn-ín kí eyín mi hàn, onífọ́tò ní kí n dín in kù, pé ojú tó bá tutù ló ń dára jù. Mo sọ fún un pé nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, olè tí wọ́n bá mú nìkan ló máa ń ya fọ́tò láìrẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọn kò gbọ́ mi ni.

Mo ti mọ ibi tí wọ́n máa gbé fọ́tò náà kọ́, tàbí kí n ní mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Adélékan ọmọ mi ń tún ilé mi ṣe ní Pọ́bẹ̀. Ó ti pààrọ̀ páànù, ó ti rẹ́ ògiri, ó sì ń lẹ kàró, ìyẹn táìlì dídán, mọ́lẹ̀ ní pálọ̀. Kí ni ènìyàn ń tún ilé ṣe fún bí kò ṣe kí onílé lè padà síbẹ̀? Mo ti ń fọkàn yan ibi tí màá gbé ibùsùn mi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé.

Nítorí ilé yẹn ni mo ṣe gbà kí wọ́n sún ọ̀rọ̀ ojú mi síwájú. Dókítà ojú tí Adélékan mú mi lọ bá, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó fi Faransé tó rọrùn ṣàlàyé fún mi pé omi inú ẹyinjú mi ń ti iṣan tí mo fi ń ríran, ó sì ń pa á díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ti kú kò ní jí mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, èyí tó kù yóò dúró, kí n má sì ṣe jẹ́ kí oògùn tí mo ń kán sí i tán nílé. Nínú ọkọ̀, Adélékan ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo, pé ilé Pọ́bẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ná, kí a parí rẹ̀, kí a tó kọjú sí ọ̀rọ̀ ojú. Bí ó ti dárúkọ Pọ́bẹ̀ ni ara mi yá gágá. Mo ní kò burú, ọmọ mi, kí a parí ilé. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo rò ó pé kí ni mo tilẹ̀ ń fi ojú tó ríran ṣe níbi tí n kò ti ní ẹni tí mo fẹ́ wò? Nígbà tí oògùn náà tán, mo rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ìyẹn mo dákẹ́.

Ẹni tí kò bá tíì dá jókòó sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Kútọ̀nú kò mọ bí ọjọ́ ṣe ń gùn tó. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni Adélékan ti ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ti jẹ́ ọ̀gá. Olúfúnkẹ́ á gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ ní Godomẹ̀. Wọ́n á ti géètì láti ìta, kí n má baà jáde lọ kí ọ̀kadà gbá mi. Mo ń gbọ́ àwọn ọlọ́kadà náà, tí wọ́n ń pè ní sẹ́mìjàn níhìn-ín, wọ́n ń han bí agbọ́n tí wọ́n tú nílé. Obìnrin kan ń kiri ẹ̀kọ lójú títì láràárọ̀, ó ń fi èdè Fọ̀n polówó. Mo máa ń dúró dè é. Lọ́jọ́ kan mo kí i láti òkè ní Nàgó. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ nǹkan tí n kò gbọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn nìkan ni mo bá ènìyàn sọ ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Èmi tí gbogbo Pọ́bẹ̀ ń fi agogo mi mọ àkókò! Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń ti Àjàṣẹ́ wá, èmi Ìdòwú ni ọ̀gá gáà, ibùdókọ̀ ojú irin, níbẹ̀. Awakọ̀ ojú irin kan ló fún mi ní ẹyẹlé takọtabo, mo kan ilé fún wọn sórí òpó lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n bí, wọ́n rẹ̀, wọ́n kún ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin dáwọ́ dúró, ẹyẹlé kò dáwọ́ dúró ní tiwọn. Bí mo bá súfèé, wọ́n á ti ibi gbogbo já wálẹ̀. Lẹ́yìn ìrun alásàrì ni ọ̀rẹ́ mi Mùílíù, télọ̀ àdúgbò wa, máa ń wá. A ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, a ó fi obì ta tẹ́tẹ́ pé èwo ni yóò kọ́kọ́ dé láti oko. Mùílíù kì í jẹ. Á ní ojúsàájú ni ẹyẹlé Kìrìsìtẹ́nì ń ṣe.

Nígbà tí ìyàwó mi kú, tí ojú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí dùn mí, ni Adélékan kó mi wá sí Kútọ̀nú. Mo fi àwọn ẹyẹlé sílẹ̀ fún Mùílíù láti máa bọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, tó bá ti kírun tán, ó máa ń pè mí lórí fóònù. Lẹ́yìn tí a bá ti kíra, á na fóònù sí ìdí òpó, èmi náà á sì gbọ́ wọn tí wọ́n ń ké kúù, kúù. Mo ń fi ìyẹn gbé ọ̀sẹ̀ ró.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé ọjọ́ tí mo ya fọ́tò, Mùílíù pè, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ẹyẹlé. Mo ní kí ó na fóònù sí wọn. Ó wúkọ́.

"Wọ́n ti wó ilé wọn, Ìdòwú. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ìgbẹ́ ẹyẹ á máa ba àtíbàbà jẹ́."

Mo bi í pé àtíbàbà wo. Ó ní òun náà bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Ó wá ń sọ àwọn nǹkan mìíràn tí n kò bi í: wọ́n ti fẹ géètì débi tí ọkọ̀ ńlá lè wọlé kí ó sì yípo, wọ́n sì ti sọ ẹ̀yìnkùlé di pẹrẹsẹ kí àga púpọ̀ lè gba ibẹ̀. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gan-an ṣì wà nínú rẹ̀.

"Wọ́n gbẹ́lẹ̀ níbi tí òpó wà," ló wí. "Mo kọ́kọ́ rò pé ibi tí wọ́n máa gbe omi òjò sí ni. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ inú rẹ̀ yíká, wọ́n lẹ kàró funfun sí i. Ṣùgbọ́n kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn gùn ni."

"Báwo ló ṣe gùn tó?"

"Ó gùn tó ẹni tó bá na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán."

Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí pé ẹ̀rù bà mí, nítorí mo ti dàgbà, mo sì mọ̀ pé n kò ní gbé ayé títí. Àṣé nítorí ìyẹn ni onífọ́tò ṣe ní kí n má rẹ́rìn-ín. Mùílíù ń pe orúkọ mi lórí fóònù. Ó ní àwọn ẹyẹlé kò kúrò o, pé orí ògiri ni wọ́n ń sùn, bí akunlé bá lé wọn, wọ́n á tún padà.

"O ṣáà mọ̀ wọ́n," ló wí. "Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó dọjọ́ ikú kó yẹrí."

Mo ní mo mọ̀ wọ́n. Mo ní ènìyàn ni n kò mọ̀.

Nígbà tí Adélékan jókòó láti jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bi í pé kí ni wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná mi. Mo gbọ́ tí ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Olúfúnkẹ́ dìde, ó ní òun ń bọ̀. Adélékan kò sẹ́, mo gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Ó rán mi létí ìsìnkú ìyá rẹ̀: bí òjò ṣe rọ̀, tí páànù wa ń jò sórí àwọn àna rẹ̀, tí ẹrẹ̀ gba bàtà kan lẹ́sẹ̀ bàbá Olúfúnkẹ́ tó fi fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wọ bàtà délé. Ó ní títí di òní ni wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́.

"Mi ò ní jẹ́ kí irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀, Bàbá. Bí ọba lẹ ó ṣe lọ."

"Ojú mi ńkọ́, Lékan?"

"A máa ṣe é, Bàbá. Tó bá yá. Lẹ́yìn náà."

"Lẹ́yìn kí ni?"

Ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kí ó bu omi wá. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ náà kò burú. Ó rò pé ọlá ni òun ń bù fún mi. Bó bá jẹ́ pé ó kórìíra mi ni, ǹ bá mọ ohun tí mo lè wí.

Òjò ọdún yẹn kò tíì dá nígbà tí ihò kọ́kọ́rọ́ mi dí. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń retí kí ilẹ̀ mọ́. Mo gbọ́ ohùn obìnrin ẹlẹ́kọ, mo rò pé ó tètè jáde ni. Olúfúnkẹ́ ló wọlé tó ní Bàbá, oòrùn ti ràn, kí ló dé tí ẹ ṣì jókòó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé mi sáré lọ bá dókítà ojú. Ọmọbìnrin náà yẹ̀ mí wò pẹ́, lẹ́yìn náà ó bi Adélékan léèrè ibi tó wà láti ọjọ́ yìí. Adélékan sunkún nínú ọkọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi pé èmi ni mo tún ní láti máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ìgbà tí ilé parí, wọ́n gbé mi lọ sí Pọ́bẹ̀ kí pásítọ̀ wá gbàdúrà sí i. Òórùn ọ̀dà gba inú ilé náà. Ilẹ̀ rẹ̀ tutù, ó sì ń yọ̀. Bí kò bá sí Mùílíù tó di apá mi mú, ǹ bá ṣubú nínú pálọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń kí Adélékan pé ó kú iṣẹ́, pé ọmọ gidi ni, pé a óò bí irú rẹ̀. Fọ́tò mi wà lára ògiri. Wọ́n ní ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Obìnrin kan nínú ìjọ pe àwọn yòókù kí wọ́n wá wò ó, ó ní, "Ẹ wo ojú Bàbá bó ṣe ń tàn."

Mo ní kí Mùílíù mú mi dé ẹ̀yìnkùlé. Mo fi ẹsẹ̀ kan ìdérí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi bo ihò náà, a sì yà fún un. Mo súfèé. Mo gbọ́ ìyẹ́ wọn tó gbọ̀n lórí ògiri, lẹ́yìn náà lókè orí wa, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Mùílíù ní wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa bà sí.

Nígbà tí àwọn àlejò túká, mo bẹ Adélékan pé kí ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ní Mùílíù á máa wò mí, pé yàrá kan péré tó mi. Mùílíù náà bá mi bẹ̀ ẹ́. Adélékan fi sùúrù dá wa lóhùn, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní a kò tíì ní máa lo ilé náà ná. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí gbé inú rẹ̀ báyìí, yóò ti dọ̀tí kí ọjọ́ tó pé. Ó tilẹ̀kùn, mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú àpò rẹ̀. Ó gbé mi wọ ọkọ̀, ó fi bẹ́líìtì dè mí, ó tún fìlà mi ṣe.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ilé yín ni. Kò ní lọ síbì kankan, á dúró dè yín."

Ó tanná sí ọkọ̀. Géètì tuntun náà fẹ̀ dáadáa. A gba ibẹ̀ jáde láìfara kan ohunkóhun.